Arthur Holmes, ẹni tó fi òjé ka ọdún ayé

Bí ẹ bá béèrè pé ọdún mélòó ni ayé ti wà, ìdáhùn tí ẹ máa gbọ́ kò ní jọra. Ẹnìkan á ní 6,000 ọdún. Ẹlòmíì tó ti ka ìwé àtijọ́ á ní mílíọ̀nù 20 sí 40. Ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ lónìí ní nǹkan bí mílíọ̀nù 4,540 ni. Ẹni tó bá gbọ́ gbogbo rẹ̀ lè ní àwọn onímọ̀ wulẹ̀ ń méfò ni. Ohun tó ń da ọ̀rọ̀ náà rú ni pé à ń po nǹkan mẹ́ta pọ̀: ọjọ́ orí òkúta kan, ọjọ́ orí ayé fúnra rẹ̀, àti ọjọ́ orí ẹran tàbí ewé tó di òkúta sínú ilẹ̀. Ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi ń mọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Arthur Holmes, onímọ̀ nípa àpáta ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fọwọ́ kan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láàárín ọdún 1911 sí 1960, nítorí náà ẹni tó bá tẹ̀lé iṣẹ́ rẹ̀ á rí ibi tí ọ̀kan ti yà kúrò lára èkejì.

Iye tó wà nílẹ̀ kó tó dé

Ọjọ́ 14 oṣù Kìíní ọdún 1890 ni wọ́n bí i ní Hebburn, ìlú kan lẹ́bàá odò Tyne ní àríwá ilẹ̀ England. Ìdílé Mẹ́tọ́díìsì ni wọ́n. Nínú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì tó wọ́pọ̀ nígbà yẹn, wọ́n máa ń tẹ ọdún 4004 ṣáájú ìbí Kristi sí ẹ̀gbẹ́ ojú ewé àkọ́kọ́ Jẹ́nẹ́sísì. Ussher, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Armagh ní Ireland, ló ṣe ìṣirò náà ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún: ó ro ọjọ́ orí àwọn baba ńlá inú Ìwé Mímọ́ pọ̀, ó sì fi ìtàn àwọn ọba kún un. Nígbà tí Holmes dàgbà, ó sọ pé 4 tó gbẹ̀yìn yẹn ló ń da òun láàmú ní kékeré. Kí ló dé tí kò fi jẹ́ 4000 tó pé géérégé? Àti pé, ta ló wà níbẹ̀ tó fi mọ̀?

Ní ti àwọn onímọ̀, ìṣirò méjì ló gbajúmọ̀. Lord Kelvin, àgbà onímọ̀ físíìsì ní Glasgow, gbà pé ayé bẹ̀rẹ̀ bí ohun tó gbóná tó sì yọ́, tó wá ń tutù láti ìgbà náà. Ẹni tó bá sọ̀kalẹ̀ sínú ihò ìwakùsà mọ̀ pé ooru ń pọ̀ sí i bí a ṣe ń jìn sí i. Kelvin wọn bí ooru yẹn ṣe ń pọ̀ sí i, ó wá ṣírò iye ọdún tí ayé ní láti fi tutù kó tó dé ibi tó dé. Ní 1862 ó ní mílíọ̀nù 20 sí 400 ọdún ni. Ní 1897 ó fún un pọ̀ sí mílíọ̀nù 20 sí 40. John Joly ní Dublin gba ọ̀nà òkun lọ ní 1899. Ó wo iye sodium, èròjà inú iyọ̀, tó wà nínú omi òkun, ó fi iye tí odò ń gbé wọ inú òkun lọ́dọọdún pín in, ó rí mílíọ̀nù 80 sí 90. Àbùkù ìṣirò Joly kò fara sin: iyọ̀ kì í dúró sínú òkun títí láé, ó ń padà sínú ilẹ̀. Ohun tó wọ̀n ní tòótọ́ ni bí sodium ṣe ń pẹ́ tó nínú òkun kó tó jáde.

Àbùkù ti Kelvin ni wọ́n sábà máa ń ṣàlàyé lódì. Ẹ máa gbọ́ pé kò mọ̀ pé uranium, irin kan tó wà nínú òkúta, ń mú ooru wá, pé ìyẹn ló ba ìṣirò rẹ̀ jẹ́. Lóòótọ́ kò mọ̀, ṣùgbọ́n àbùkù tó tóbi jù ni èyí tí John Perry, tó ti ṣe igbákejì rẹ̀ rí, tọ́ka sí ní 1895: Kelvin gbà pé inú ayé dúró gbagidi, tí ooru kàn ń rọra gba inú rẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀. Bí inú ayé bá ń rìn, tó ń gbé ooru tuntun wá sókè, iye ọdún á fi ìlọ́po púpọ̀ ga ju ti Kelvin lọ. Kò sẹ́ni tó ka ọ̀rọ̀ Perry sí. Nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn rẹ̀, Holmes gba ọ̀nà mìíràn dé ibi kan náà.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú hóró òkúta

Ní 1907 ó gba owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ láti lọ kọ́ físíìsì ní Royal College of Science ní London, tó ti wà lábẹ́ Imperial College báyìí. £60 lọ́dún ni owó náà, kò sì tó ó jẹun. Ní ọdún kejì ó fi ẹ̀kọ́ nípa àpáta kún ti físíìsì, ọkàn rẹ̀ sì lọ síbẹ̀ pátápátá. Olùkọ́ rẹ̀ ni Robert Strutt, tó ń wá ọ̀nà láti fi radioactivity, ìyẹn bí átọ́ọ̀mù àwọn èròjà kan ṣe ń tú ara wọn ká, mọ ọjọ́ orí òkúta.

Átọ́ọ̀mù uranium kì í dúró lójú kan. Irú rẹ̀ tó pọ̀ jù, uranium 238, ń ju èérún ara rẹ̀ nù ní ìgbésẹ̀ mẹ́rìnlá, helium mẹ́jọ ń jáde lára rẹ̀ lọ́nà, títí yóò fi di òjé 206. Òjé yìí kì í yí padà mọ́. Ooru tàbí ìfúnpọ̀ inú ilẹ̀ kì í mú kó yára, kì í sì í mú kó falẹ̀. Láàárín mílíọ̀nù 4,468 ọdún, ìdajì uranium 238 tó wà nínú hóró kan ti di òjé. Láàárín irú iye ọdún bẹ́ẹ̀ sí i, ìdajì èyí tó kù á tún lọ. Uranium 235, tí kò pọ̀, yára jù ú lọ: mílíọ̀nù 704 ọdún ni ìdajì tirẹ̀ fi ń lọ, òjé 207 ló sì ń dà. Thorium 232, èròjà mìíràn tó ń tú ká bíi uranium, lọ́ra ju gbogbo wọn lọ, nǹkan bí mílíọ̀nù 14,000 ọdún, òjé 208 ló ń bí. Òjé 204 nìkan ni kò ní baba, iye rẹ̀ tó wà nínú ayé kì í lé sí i. Ẹ má gbàgbé òjé 204 yìí, òun ni yóò tú ọ̀rọ̀ náà nígbẹ̀yìn.

Bí uranium ṣe ń di òjé yìí ni aago wa. Aago náà bẹ̀rẹ̀ sí í kà nígbà tí òkúta tó yọ́ bá tutù tó sì dì. Bí hóró tuntun bá gba uranium wọlé tó sì lé òjé síta, òjé tí a bá bá nínú rẹ̀ lẹ́yìn náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí uranium bí sínú ilé. Nítorí náà, ìdáhùn tí aago náà ń fún wa ni ìgbà tí hóró yẹn dì. Kò sọ ìgbà tí ayé bẹ̀rẹ̀.

Bertram Boltwood ní Amẹ́ríkà ti kọ́kọ́ gbìyànjú èyí ní 1907. Holmes fẹ́ mọ̀ bóyá ó lè fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ní 1911, òkúta tó yàn wá láti agbègbè Oslo ní Norway, èyí tí àwọn onímọ̀ ti gbà pé ó jẹ́ ti sáà Devonian, ọ̀kan lára àwọn sáà tí wọ́n pín ìtàn ayé sí. Ó yọ àwọn hóró tó ní uranium sọ́tọ̀, ó lọ̀ wọ́n kúnná, ó yọ́ ìyẹ̀fun náà pọ̀ mọ́ borax nínú ìkòkò kékeré tí wọ́n fi platinum ṣe, ó sì fi ásíìdì tú u sómi.

Ọ̀nà ẹ̀bùrú ni wọ́n fi ń wọn uranium nígbà yẹn. Uranium tó ti pẹ́ nínú òkúta máa ń ní radium díẹ̀ lára, ní ìwọ̀n tí kì í yẹ̀, radium náà sì ń tú gáàsì radon jáde. Wọ́n á dé ìgò omi náà pa, wọ́n á fi í sílẹ̀ fún nǹkan bí oṣù kan títí gáàsì inú rẹ̀ kò fi ní lè pọ̀ sí i mọ́; ìdajì radon ń pòórá ní gbogbo ọjọ́ 3.8, nítorí náà ẹni tó bá kánjú ṣí ìgò á rí iye tó dín. Lẹ́yìn náà wọ́n á hó omi náà, wọ́n á darí gáàsì sínú ẹ̀rọ kan tó ní ewé wúrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí agbára iná mànàmáná ti gbé sókè. Gáàsì náà ń mú kí ewé wúrà wálẹ̀, bó bá sì ṣe yára wálẹ̀ tó ni uranium inú òkúta ṣe pọ̀ tó. Ní ti òjé, wọ́n á mú un jáde kúrò nínú omi, wọ́n á sọ ọ́ di sulphate, wọ́n á gbẹ ẹ́, wọ́n á gbé e sórí òṣùwọ̀n. Kò ju mílígíráàmù díẹ̀ lọ. Bí òjé díẹ̀ bá ti ara ásíìdì tàbí ìgò wọ inú rẹ̀, òkúta náà á dàgbà ju bó ṣe yẹ lọ lórí ìwé.

Ó rí i pé fún uranium gíráàmù 1, òjé tó wà níbẹ̀ jẹ́ gíráàmù 0.045. Ó fi mílíọ̀nù 8,200, iye tí wọ́n fi ń sọ ìpín òjé di ọdún nígbà yẹn, sọ 0.045 di púpọ̀, ó rí 369, ó kọ mílíọ̀nù 370 ọdún sílẹ̀. Ó tún kó iṣẹ́ àwọn mìíràn jọ: òkúta kan láti Ceylon, tí à ń pè ní Sri Lanka báyìí, ní ìpín 0.20, èyí tó mú mílíọ̀nù 1,640 wá. Ọmọ ọdún 21 ni, kò sì tíì sẹ́ni tó gbọ́ nípa isotope rí, ìyẹn irú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí èròjà kan pín sí, bíi òjé 206 àti òjé 207. Ọdún 1913 ni Frederick Soddy ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ohun náà lórúkọ.

Ibi tí ìṣirò ti ń yẹ̀

Bí a bá fi iye tí a mọ̀ lónìí tún ìṣirò kan náà ṣe, 0.045 á fún wa ní nǹkan bí mílíọ̀nù 313 dípò 370, 0.20 á sì fún wa ní nǹkan bí 1,250 dípò 1,640. Ìdí méjì ló wà. Àkọ́kọ́, iye 8,200 yẹn ga jù. Èkejì, Holmes ṣírò bí ẹni pé uranium kò dín kù rárá láti ìbẹ̀rẹ̀. Láyé àtijọ́ uranium pọ̀ ju ti òní lọ, òjé sì ń yára jáde jù báyìí lọ. Àṣìṣe èkejì yìí kéré lára òkúta tó kéré lọ́jọ́ orí, ó sì ń tóbi bí òkúta ṣe ń dàgbà. Ohun tó dùn mọ́ni níbẹ̀ ni pé òkúta Oslo yẹn kì í ṣe Devonian bí wọ́n ti rò. Ìwádìí òde òní fi hàn pé ọjọ́ orí rẹ̀ sún mọ́ mílíọ̀nù 300. Ìpín 0.045 tó wọ̀n dára gan-an, ohun tí wọ́n fi sọ ọ́ di púpọ̀ ni kò dára.

Àwọn ewu mìíràn ṣì wà títí di òní. Òjé lè ti wà nínú hóró náà láti ìbẹ̀rẹ̀, kí a wá rò pé uranium ló bí gbogbo rẹ̀. Òkúta á wá dàgbà lójú wa. Òjé lè sá jáde nígbà tí ooru tàbí omi bá bá hóró tó ti sán nínú ilẹ̀. Òkúta á kéré lójú wa. Thorium lè ti fi òjé tirẹ̀ kún un láìjẹ́ pé a kà á. Helium ní tirẹ̀ kò ṣe é gbára lé rárá fún òkúta àtijọ́, nítorí gáàsì ni, ó ń jò. Strutt ti fi helium ṣírò ṣáájú, ohun tó sì máa ń rí ni iye tó kéré jù tí òkúta lè jẹ́. Ìdí nìyẹn tí Holmes fi di òjé mú.

Lónìí, hóró zircon ni àwọn onímọ̀ fẹ́ràn jù. Zircon ń gba uranium wọlé nígbà tó bá ń dì, ó sì ń kọ òjé sílẹ̀, ó sì le débi pé odò lè gbé e lọ síbi tó jìn kó má bàjẹ́. Nítorí pé uranium méjì ló wà nínú rẹ̀, aago méjì ló ń kà nínú hóró kan. Bí 238 àti 235 bá sọ ọdún kan náà, ọkàn wa balẹ̀. Bí wọn kò bá fohùn ṣọ̀kan, òjé ti sá lọ tàbí hóró àgbà wà nínú hóró ọ̀dọ́, a ó sì mọ̀ pé kí a má gba iye náà bẹ́ẹ̀. Holmes kò ní irú èyí ní 1911. Ohun tó ní ni sùúrù, àti ìwà pé kó máa sọ ohun tí kò dá a lójú.

Ibà, epo rọ̀bì, àti yàrá kan ní Durham

Nígbà tí Strutt ń ka ìwé rẹ̀ fún Royal Society, Holmes kò sí nílùú. Ó ti jẹ gbèsè, ó sì ti bá ilé iṣẹ́ kan tó ń wá kùsà lọ sí Mozambique fún oṣù mẹ́fà. Wọn kò rí kùsà tó tà níbẹ̀. Ibà mú un débi pé ìròyìn ikú rẹ̀ dé ilé. Àmọ́ ó padà pẹ̀lú òkúta nínú àpótí, àpáta ìlà oòrùn Áfíríkà sì wà lọ́kàn rẹ̀ títí: òun ló fún ọ̀wọ́ àpáta gígùn tó wà ní etí òkun ìlà oòrùn Áfíríkà ní orúkọ Mozambique Belt, tí wọ́n ṣì ń pè é títí dòní. Ó tún kọ ìwé púpọ̀ lórí àpáta òkè ayọnáyèéfín Uganda, láti ara òkúta tí wọ́n kó ránṣẹ́ sí i.

Ní 1913 ìwé rẹ̀ lórí ọjọ́ orí ayé jáde. Ó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Imperial College títí di 1920, nígbà tí owó tún lé e lọ sí Burma láti ṣe olórí àwọn tó ń wá epo rọ̀bì fún ilé iṣẹ́ kan. Ilé iṣẹ́ náà wó, ọmọkùnrin rẹ̀ kékeré sì kú síbẹ̀. Ó padà sí England láìní ohun kan lọ́wọ́.

Ní 1924 Yunifásítì Durham gbé ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa àpáta lé e lọ́wọ́. Ẹ̀ka tuntun ni, òun nìkan sì ni olùkọ́ tó wà níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ṣe iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n fún ju ti òjé lọ, tí wọ́n sì tún máa ń ṣì sọ.

Alfred Wegener, ará Jámánì, ti sọ láti 1912 pé àwọn ilẹ̀ ńláńlá ayé ń rìn, pé Áfíríkà àti Gúúsù Amẹ́ríkà ti so mọ́ra rí. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí kò lè sọ agbára tó ń tì wọ́n. Holmes kò dá èrò pé ilẹ̀ ń rìn sílẹ̀, Wegener ló ni ín. Ohun tí Holmes mú wá ni agbára náà. Ó ti mọ ìwọ̀n ooru tí uranium àti thorium ń mú wá nínú òkúta ju ẹnikẹ́ni lọ, ó sì rí i pé ooru yẹn ti pọ̀ jù fún ayé láti tú u síta bó bá kàn ń rọra gba inú àpáta jáde nìkan. Nítorí náà, àpáta tó nípọn lábẹ́ èèpo ilẹ̀ gbọ́dọ̀ máa rìn, bí ẹ̀wà inú ìkòkò tó ń hó ṣe ń gòkè láàárín tó sì ń rì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àpáta náà le, kò yọ́, ṣùgbọ́n fún mílíọ̀nù ọdún ó ń ṣàn ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ lọ́dún. Níbi tó ti ń gòkè, ó ń fa ilẹ̀ ya, òkun tuntun á sì là sáàárín. Níbi tó ti ń rì, ìsàlẹ̀ òkun ń bá a wọlẹ̀, òkè sì ń dìde létí ibẹ̀. Ìwé náà jáde ní 1931 láti ọwọ́ ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa àpáta ní Glasgow.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló tọ́. Holmes rò pé ìsàlẹ̀ òkun ń nà gbọọrọ níbi gbogbo. Lẹ́yìn 1960 ni Harry Hess àti àwọn mìíràn fi hàn pé ojú ìlà tóóró kan láàárín òkun ni ìsàlẹ̀ tuntun ti ń jáde. Holmes fúnra rẹ̀ sì kìlọ̀ pé èrò lásán ni títí ẹ̀rí yóò fi dé. Lójú tèmi, ìkìlọ̀ yẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí wọ́n gbàgbé iṣẹ́ náà fún ọgbọ̀n ọdún: ẹni tó bá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ kì í tètè rí ẹni tó máa bá a jà. Kò sì yẹ kí a fi í ṣe òrìṣà. Lórí bí òkúta granite ṣe ń wáyé, òun àti ìyàwó rẹ̀ kejì, Doris Reynolds, tí òun náà jẹ́ onímọ̀ nípa àpáta, di ẹ̀yìn èrò kan tí ọ̀pọ̀ ti kọ̀ sílẹ̀ báyìí, pé àpáta tó ti wà tẹ́lẹ̀ lè di granite láìkọ́kọ́ yọ́.

Láti òkúta sí ayé

Ní 1943 ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Edinburgh. Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀, ìwé ẹ̀kọ́ rẹ̀, Principles of Physical Geology, jáde. Ìwé yẹn ló tọ́ ìran onímọ̀ púpọ̀ dàgbà, orí ìkẹyìn rẹ̀ sì sọ̀rọ̀ nípa bí ilẹ̀ ṣe ń rìn, nígbà tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ kò fẹ́ gbọ́ ọ rárá.

Edinburgh náà ló ti dojú kọ ìbéèrè ìbẹ̀rẹ̀. Òkúta tó dàgbà jù tí a lè rí kò lè sọ ọjọ́ orí ayé fún wa. Ilẹ̀ ń jẹ ara rẹ̀: òjò ń fọ̀ ọ́, ooru ń yọ́ ọ, àpáta àkọ́kọ́ kò sí mọ́. Òkúta tó dàgbà jù kàn ń sọ pé ayé kò lè kéré jù báyìí lọ. Ọ̀nà àbáyọ wá láti ara Alfred Nier ní Amẹ́ríkà, ẹni tó fi ẹ̀rọ tuntun wọn irú òjé kọ̀ọ̀kan nínú kùsà òjé láti ibi púpọ̀ láyé.

Ẹ wò ó báyìí. Kùsà òjé kì í ní uranium nínú. Nígbà tó bá dì, òjé inú rẹ̀ kò ní yí padà mọ́, ó di àkọsílẹ̀ bí òjé ayé ṣe rí ní ọjọ́ yẹn. Láti ìgbà tí ayé ti wà, òjé 206 àti 207 ń pọ̀ sí i, òjé 204 sì dúró síbi tó wà. Nítorí náà, kùsà àtijọ́ á ní 206 àti 207 tó kéré sí 204, kùsà tuntun á ní èyí tó pọ̀ jù. Uranium 235 yára, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán; nítorí náà 207 pọ̀ kíákíá láyé àtijọ́ ó sì rọra ń pọ̀ báyìí, nígbà tí 206 ń pọ̀ ní ìwọ̀n tó dọ́gba jù. Bí a bá mú kùsà méjì tí ọjọ́ orí wọn yàtọ̀, a lè béèrè pé: bí a bá padà sẹ́yìn, ìgbà wo ni òjé àwọn méjèèjì jọ jẹ́ ọ̀kan náà? Ìgbà yẹn ni ìbẹ̀rẹ̀. Kùsà àtijọ́ kan láti Greenland ló wúlò jù fún un. Ó fi ẹ̀rọ ìṣirò tí wọ́n ń fi ọwọ́ tẹ̀ dán kùsà méjì-méjì wò, ó rí ìdáhùn tó lé ní 1,000, ó sì wo ibi tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kó jọ sí. Ní 1946 ó ní nǹkan bí mílíọ̀nù 3,000 ọdún. Ní 1947 ó gbé e sí 3,350. Gerling ní Soviet ti gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ní 1942, Houtermans ní Jámánì náà ṣe é ní 1946, kò sí ẹni tó wo iṣẹ́ ẹnìkejì nínú wọn. Iye yìí dá wàhálà kan sílẹ̀ fún àwọn onímọ̀ nípa ìràwọ̀, nítorí ìṣirò tiwọn nígbà yẹn ní àgbáálá ayé lápapọ̀ kò ju nǹkan bí mílíọ̀nù 2,000 ọdún lọ. Àwọn ni wọ́n padà tún tiwọn ṣe láàárín ọdún 1950 sí 1960.

Ohun tó kù fún Holmes ni òjé àkọ́bẹ̀rẹ̀ gan-an. Clair Patterson ní Amẹ́ríkà rí i lára irin tó já láti ojú ọ̀run sí Arizona, tí kò ní uranium tó lè ba òjé rẹ̀ jẹ́. Ó ní láti fọ yàrá iṣẹ́ rẹ̀ ní àfọ̀túnfọ̀, nítorí òjé inú epo mọ́tò wà nínú eruku àti afẹ́fẹ́ níbi gbogbo. Mílíọ̀nù 4,550 ọdún ló kéde, ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1956. Nítorí náà, ẹni tó bá ní Holmes ló rí 4,550 kò sọ òótọ́. Ọ̀nà ni Holmes là.

Ọdún 1956 náà ni Holmes fẹ̀yìn tì, tí wọ́n sì fún un ní Wollaston Medal ní London àti Penrose Medal ní Amẹ́ríkà. Vetlesen Prize tẹ̀lé e ní 1964. Ẹ̀dà kejì ìwé ńlá rẹ̀ jáde ní 1965, ó sì kú ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà.

Bí a ṣe ń ka iye tí wọ́n bá fún wa

Egungun tàbí ìkarahun tó ti di òkúta kò ní aago tirẹ̀. Inú òkúta tí ẹrẹ̀ àti yanrìn di ni wọ́n ti ń rí i, hóró inú yanrìn yẹn sì ti dàgbà kó tó wọ inú odò. Ẹni tó bá wọn hóró yanrìn á rí ọjọ́ orí àpáta tí yanrìn ti ya wá. Eérú òkè ayọnáyèéfín ni wọ́n máa ń wá. Bí eérú kan bá wà lábẹ́ egungun náà, tí òmíràn wà lókè rẹ̀, wọ́n á wọn zircon inú méjèèjì, egungun náà á wà láàárín iye méjèèjì. Holmes tẹ àtẹ sáà ayé jáde ní 1947, ó fi ìbẹ̀rẹ̀ sáà Cambrian sí mílíọ̀nù 510. Nígbà tí eérú àti granite tó dára pọ̀ sí i, ó tún un ṣe ní 1960, ó gbé e lọ sí 600. Iye tí wọ́n ń lò báyìí jẹ́ nǹkan bí 539, èyí tó wà láàárín méjèèjì.

Carbon 14 kò ní ohun kan ṣe pẹ̀lú gbogbo èyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dárúkọ. Ọdún 5,730 péré ni ìdajì rẹ̀ fi ń lọ, lẹ́yìn nǹkan bí 50,000 ọdún kò sí èyí tó kù tó ṣe é wọ̀n. Igi, èédú, egungun èèyàn àtijọ́, aṣọ, ìwọ̀nyí ni wọ́n ń fi í wọ̀n. Ẹni tó bá sọ fún yín pé wọ́n fi carbon 14 mọ ọjọ́ orí àpáta ti da aago méjì pọ̀.

Ẹ tún wo àmì àfikún-àti-àyọkúrò tó máa ń tẹ̀lé iye ọdún, bíi 2,000 ± 50. Ìyẹn kàn ń sọ bí ẹ̀rọ ṣe wọ̀n ọ́n dáadáa tó. Kò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún náà. Àpáta tó wà lábẹ́ Ìbàdàn, fún àpẹẹrẹ, ti ju mílíọ̀nù 2,000 ọdún lọ láti ìgbà tó kọ́kọ́ dì. Nǹkan bí mílíọ̀nù 600 ọdún sẹ́yìn, ooru ńlá tún gba gbogbo agbègbè yẹn kọjá, granite tuntun wọ inú rẹ̀, àwọn aago kan inú àpáta àtijọ́ sì bẹ̀rẹ̀ kíkà wọn látìbẹ̀rẹ̀. Ènìyàn méjì lè ṣa òkúta lójú kan ṣoṣo, kí ọ̀kan padà pẹ̀lú 2,000, kí èkejì padà pẹ̀lú 600, kí ẹ̀rọ àwọn méjèèjì sì ṣiṣẹ́ dáadáa. Kí ẹ tó gba iye náà, ẹ béèrè irú hóró tí wọ́n wọ̀n, aago wo ni wọ́n lò, àti ìwọ̀n ooru tí aago yẹn lè fara dà kó tó padà sí òdo.